Ẹní Bàbá Nínú Ààfin

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù ò mú wọn láyà? Àwa náà wà níbí, à ń dúpẹ́. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo sì ti sọ fún un pé iṣẹ́ ṣì pọ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́ tí o kì í fi í kọ̀wé sí mi. Ò ń pè lórí fóònù lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ju "Màámi, ṣé ẹ ti jẹun" lọ. Mo ti jẹun. Ìwé ni mo fẹ́, èyí tí mo lè tẹ́ sórí itan kí n máa tún un kà títí yóò fi gbó.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ wà ńlẹ̀. Àbúrò rẹ, Ayàwòrán wa, pè mí láàárọ̀ Sátidé. Ó ní wọ́n ti gba iṣẹ́ òun sínú ààfin ọba tó wà ní ìlú tí ẹ jọ ń gbé. Orí mi wú. Mo bi í pé ṣé ó kí ọba dáadáa, àbí ńṣe ló dúró gbagidi bí òpó iná bó ṣe máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè yé mi. Èyí tó yé mi náà ti tó. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ìyá Dókítà tó ń gbé òdìkejì wa, tó ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ dí wa létí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ńṣe ló ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ní iṣẹ́ náà dá lórí Bàbá yín. O rántí pé lẹ́yìn ìsìnkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n fi ẹní, aṣọ ìbora àti póò tí Bàbá lò nígbà àìsàn ránṣẹ́ sí òun. Mo di ẹrù, mo fi ránṣẹ́. Mo rò pé inú yàrá rẹ̀ ló máa kó o sí. Àṣé ààfin ló ń lọ.

Jọ̀ọ́, lọ síbẹ̀. Wọ aṣọ gidi, ya fọ́tò, kó o fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí onífọ́tò bá mi sọ ọ́ di ńlá, kí n gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá yín ní pálọ̀. Kó o má sì bá àbúrò rẹ jà tó o bá débẹ̀. Èmi ni mo bí yín, mo mọ̀ yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń kí yín. Ẹ má bínú pé mi ò kì í kọ̀wé. Irun àwọn obìnrin ibí yìí kì í tán, ìdúró ni mo sì fi ń dì í láti àárọ̀ títí ṣọ́ọ̀bù á fi tì.

Mo lọ sí ààfin náà lọ́jọ́ Ajé tí a kì í ṣiṣẹ́. Aṣọ búlúù tí Bàbá rán fún mi gbẹ̀yìn ni mo wọ̀. Màámi, kò sí ọba níbẹ̀. Èyí tó jẹ kẹ́yìn ti kú tipẹ́tipẹ́, ìjọba sì ti sọ ilé náà di ilé àwòrán. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Wọ́n á lẹ bébà róbótó kan mọ́ èèyàn láyà, wọ́n á fún un ní aṣọ tó máa fi bo bàtà kó má baà ha ilẹ̀ onípákó wọn, ó parí.

Mi ò ní purọ́, ilé náà rẹwà. Wọ́n ya àwọn ọmọ sísanra tó ní ìyẹ́ sára àjà, gbogbo wọn wà níhòòhò. Àga tó fi wúrà ṣẹsẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ilé ìwé, okùn ni wọ́n sì ta sí iwájú wọn kí ẹnikẹ́ni má jókòó. Àwòrán àwọn obìnrin ọlọ́lá wà lára ògiri látilẹ̀ dókè, tí wọ́n gbé imú sókè bí ẹni pé wọ́n ń gbóòórùn wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa wọ yàrá ọba. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ní ọba náà dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ lórí ibùsùn yẹn, pé egbò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn, kó tó wá kú. Màámi, ó yẹ kẹ́ ẹ rí ibùsùn náà. Aṣọ funfun, ó gún régé. Ìrọ̀rí wú dáadáa. Wọ́n lọ gbogbo etí rẹ̀. Kò sí àbàwọ́n kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Yàrá tó tẹ̀ lé e ni ti ọmọ yín. Wọ́n pa iná ibẹ̀, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ sí àárín. Abẹ́ iná yẹn ni wọ́n tẹ́ ẹní Bàbá sí lórí ilẹ̀, pẹ̀lú gbogbo pípọ́n tó pọ́n kiri ara rẹ̀. Aṣọ ìbora wà lórí rẹ̀, dúdú kìjikìji. Póò wà ní apá ibi orí. Wọ́n fi okùn pupa yí i ká, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ rántí pé Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, torí kò ní jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ súnmọ́ aṣọ oníbàárà. Télọ̀ tó ń lọ áńkáṣíìfù ara rẹ̀ kó tó kì í bàpò. Òun ni wọ́n fi ìdọ̀tí rẹ̀ hàn fún àlejò. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà ń sín láìdábọ̀. Tọkọtaya kan gbé fóònù sókè, wọ́n ya ara wọn pẹ̀lú póò Bàbá mi.

Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri wà, ohun tí imú mi gbọ́ níbẹ̀ náà wà, mi ò lè kọ ọ́ sí yín. Èébì gbé mi. Mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sì bì títí ojú mi fi pọ́n.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ yín fi ẹsẹ̀ júwe tiwa. Kí ló dé tí ẹ kó nǹkan náà fún un? Mi ò ya fọ́tò kankan.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹta

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara ti ń balẹ̀? Mo rí ìwé rẹ gbà. Ṣé oyún kọ́ ló wà ńdìí èébì yẹn? Tó bá jẹ́ òun ni, sọ fún mi, má fi ààfin bojú.

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí. Láti kékeré ni nǹkan tí àbúrò rẹ bá ṣe kì í ti í wù ọ́. Nígbà tó fi èédú yàwòrán sára ògiri ilé ìdáná, ìwọ lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bàbá yín gan-an ló ní ká fi í sílẹ̀. Ọmọ yìí gbé nǹkan ilé wa wọ ilé ọba, o ní ó ń rí ọ lára. Ojú ń tì ọ́ pé a ò sun orí bẹ́ẹ̀dì onígóòlù ni? Ẹní ni ọ̀pọ̀ èèyàn bí ọmọ wọn sí.

Wàá ní mo ń gbè é lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gbè é. Kò wá nígbà tí Bàbá ń ṣàìsàn, kò wá síbi ìsìnkú, gbogbo èèyàn ló sì ti bá a wí fún èyí. Tó bá wá ń ṣe ẹ̀yẹ fún bàbá rẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

O ní imú rẹ gbọ́ nǹkan. Kí ló gbọ́? Kò sí òórùn kankan lára ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Mo gbọn ẹní yẹn dáadáa kí n tó ká a. Tó bá tilẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, sísín ló máa sín. Ká fi ọ̀rọ̀ ẹní sílẹ̀ ná. Kọ ohun tó wà lára ògiri yẹn sí mi, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kó o sì padà lọ ya fọ́tò. Ìyá Dókítà ti bi mí léèrè rẹ̀, mo sì ti sọ pé ó wà lọ́nà.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹrin

Àkọ́bí mi,

Ṣé ìwọ náà ti wọnú ààfin ni, tí wọ́n ta okùn sí iwájú rẹ? Mo ń retí èsì.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ má bínú. Kì í ṣe oyún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ìwé yìí tí mo fà á ya.

Mo padà lọ. Fọ́tò nìyí, mo fi í sínú àpò ìwé yìí. Mo pe Ayàwòrán kó wá bá mi níbẹ̀, a sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta kọfí nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń so ẹṣin ọba mọ́ láyé àtijọ́. Àwọn ọmọdébìnrin kan wá bá a níbẹ̀ kó bá wọn fọwọ́ síwèé. Ó wọ dúdú látòkè délẹ̀ bí opó. Mo ní kí ló ṣe é tó fi tú aṣọ Bàbá níwájú ayé. Ó ní ìrora òun lòun fi hàn. Mo ní èwo nínú ìrora náà ló ṣojú rẹ̀. Ó mu kọfí rẹ̀.

Ẹ ní kí n kọ ohun tó wà lára ògiri. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ga tó ọwọ́ ọmọdé:

"Orí ẹní yìí ni bàbá mi, tálákà kan tí kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀, ti jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyí. Ìgbẹ́ rẹ̀ nìyí. Òórùn rẹ̀ nìyí."

Òórùn náà kì í ṣe ti ẹní, Màámi. Ó ní kí ẹnì kan tó ń ṣe lọ́fínńdà po òórùn egbò àti ìtọ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri tó ń fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn á fi ìka dí imú, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì padà sí yàrá kejì níbi ibùsùn ọba, kí wọ́n lè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Ìdúró ni mo fi ka ìwé rẹ, mi ò sì tíì lè jókòó dáadáa láti ọjọ́ náà. Mi ò ní béèrè ara ẹnikẹ́ni lónìí. Gbogbo yín á wà dáadáa.

Kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí mo bí ló kọ ọ́.

Ìwọ wá nígbà méjì, o rí i. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Mo ń yí i, mo ń fi pọ́dà sí i lẹ́yìn, mo ń gé èékánná rẹ̀ torí ó kórìíra kí èékánná gùn. Aṣọ funfun tó rán pamọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le ni mò ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì o, kì í ṣe ẹní; ìgbà tó bá fẹ́ gba atẹ́gùn lọ́sàn-án nìkan ni mò ń tẹ́ ẹní fún un. Lójoojúmọ́ ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù tirẹ̀ ni mo sì fi ń lọ̀ ọ́, torí tí etí rẹ̀ bá ká, á fi ojú bá mi wí, nígbà tí ẹnu ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta lọ́jọ́ kan, ó pariwo pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wo ẹ̀yìn aláìsàn tí kò ní ojú egbò kankan. Àwọn tó wá kí i ń jókòó jẹun nínú yàrá yẹn. Ohun tó bá ojú ló bá imú, àmọ́ ojú ọmọ yìí ò dé ọ̀dọ̀ wa, imú rẹ̀ ló wá ń jẹ́rìí.

Jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ẹní fún ọ. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni àbúrò bàbá yín obìnrin ní ká sun gbogbo ohun tí Bàbá lò, pé a kì í fi nǹkan àìsàn òkú ṣe ogún. A sun ún tán pátápátá. Ni àbúrò rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Lónìí, ẹní. Lọ́la, aṣọ ìbora. Mo ní kí n ra tuntun fún un, ó ní rárá, èyí tó ti gbó ni. Mo rò pé kò rí òkú bàbá rẹ̀, ó kàn ń wá nǹkan tó máa dì mú kó fi sunkún ni. Mi ò fẹ́ sọ fún un pé eérú ló kù. Ẹni tó fẹ́ sunkún, kí ló fẹ́ fi ojú ẹní mọ̀. Mo wá jáde sẹ́yìnkùlé, mo kó èyí tí mo rí.

Ẹní tí mò ń sá ata lé ni. Ohun tó pè ní ẹ̀jẹ̀, ata gígún ni, òun ló ń mú obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá sín. Bá mi kí i pẹ̀lẹ́. Aṣọ ìbora, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń bò, ọ́ìlì ló sọ ọ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Póò yẹn, àwọn adìẹ mi ló ń mu omi nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ tó wà lára rẹ̀, tiwọn ni.

Sọ fún àbúrò rẹ. Kí ó lọ bá àwọn ará ààfin, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, mo ti fi dáná.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún

Màámi mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti dárúkọ adìẹ, mo rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà tí mò ń dì nírun wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún.

Mo sọ fún un. Mo ka ìwé yín sí i létí láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fà ro, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó wá sọ pé, "Àǹtí mi, kò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ kọ́ ni iṣẹ́ mi. Bó ṣe ń ṣe èèyàn lára ni. Ẹní yòówù ló máa ṣe é." Mo ní Màámi tó wẹ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ẹnikẹ́ni ò mọ Màámi níbí.

Ó tún ní kí n má sọ ọ́ jáde, torí àwọn alákòóso ààfin ti fẹ́ kí iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ títí láé. Ọ̀gá wọn obìnrin ti wá kí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó ní ìyà tó jẹ Bàbá ti kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó tutù. Mo gba ọwọ́ mi, mo nù ún mọ́ aṣọ. Ó rí mi.

Mo lè lọ tú àṣírí yìí lọ́la. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá tú u, iṣẹ́ àbúrò mi ti parí níbí nìyẹn, ọmọ yín ṣì ni. Tí mi ò bá tú u, ọmọ àwọn ọmọ wa á wá wo bàbá ńlá wọn tó ń jẹrà. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí mo máa ṣe.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹfà

Àkọ́bí mi,

O ṣeun tó o bi mí kó o tó lọ. Má bá a jà mọ́. Sọ fún un pé ó ní ilé, àmọ́ kó wá jókòó sínú rẹ̀ kó tó tún ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mú ìwé kejì tó wà nínú àpò yìí lọ fún ọ̀gá tó di ọwọ́ rẹ mú. Túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Má bu ṣúgà sí i, má sì bu iyọ̀ sí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò náà fún Ìyá Dókítà bó ṣe jẹ́. Ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú, kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹfà

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ààfin,

Mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú ilé onílé.

Èmi ni ìyá ọmọkùnrin tó tẹ́ ẹní sí ọ̀dọ̀ yín. Èmi ni ìyàwó télọ̀ tí wọ́n ní kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin sọ fún mi pé ọba yín náà ṣàìsàn pẹ́, pé egbò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, pé inú yàrá kejì ló kú sí. Ó ní ẹ fọ aṣọ rẹ̀, ẹ lọ etí rẹ̀, ẹ sì tẹ́ ẹ dáadáa, kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀. Ẹ ṣeun. Bó ṣe yẹ ká ṣe fún ẹni tó kú nìyẹn. Bí mo ṣe ń tẹ́ ti ọkọ mi nìyẹn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nígbà tó ṣì wà láàyè. Tí àlejò yín bá fẹ́ mọ bí ibùsùn rẹ̀ ṣe rí, kí wọ́n wo ti ọba yín.

Ọmọkùnrin mi ní ẹní yòówù ló máa ṣe é. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lé síbẹ̀, kó sì sọ fún yín ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, tèmi ni. Ẹ bá mi ká a, kí ẹ fi lé ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́. Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ bá ń gbọ̀n ọ́n. Ata ti pọ́n lẹ́yìnkùlé mi, mi ò sì rí nǹkan sá a lé.

Èmi,
Ìyàwó Télọ̀